Alárinà Kò Rí I

Láyé àwọn bàbá wa, bí ọmọge bá wu ọmọkùnrin, alárinà ló máa kọ́kọ́ yọ́ lọ sí àdúgbò wọn lọ fimú fínlẹ̀. Ṣé wárápá ò sí nílé yẹn? Ẹ̀tẹ̀ ńkọ́? Wèrè ńkọ́? Tí ilé bá mọ́, ọ̀rọ̀ ìdána bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. N kò bú ìwádìí yẹn o. Àmọ́ àìsàn ìdílé kan wà tó jẹ́ pé inú ilé tó mọ́ gan-an ló ń sápamọ́ sí.

Abúlé kan ń bẹ ní ìpínlẹ̀ Goiás ní Brazil, Araras lorúkọ rẹ̀. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ò ju bí 800 lọ, síbẹ̀ ó lé ní 20 nínú wọn tí oòrùn ń jẹ lára. Àgbẹ̀ sì ni wọ́n, ta ló ń roko lóru? Àmì wínníwínní ló máa ń kọ́kọ́ yọ lójú ọmọ, tó bá yá, ó di jẹjẹrẹ. Iṣẹ́ abẹ á mú díẹ̀ lára imú, á mú díẹ̀ lára ètè. Kì í ṣe àfín o, àwọ̀ wọn pé.

Xeroderma pigmentosum ni wọ́n ń pe àìsàn náà. Moritz Kaposi ti kọ nípa rẹ̀ ní Vienna láti 1874. Ní 1968, James Cleaver rí i ní San Francisco pé sẹ́ẹ̀lì àwọn aláìsàn náà kò lè tún ibi tí oòrùn bàjẹ́ nínú DNA wọn ṣe. Ó kù síbì kan: sẹ́ẹ̀lì àwọn kan nínú wọn ń tún un ṣe dáadáa, oòrùn sì ń jẹ wọ́n náà. Ọdún 1999 ni wọ́n tó rí ìdí rẹ̀.

Kí sẹ́ẹ̀lì tó pín sí méjì, ó gbọ́dọ̀ da DNA rẹ̀ kọ, bí ọmọ iléèwé ṣe ń da ìwé kọ. Oòrùn a máa lẹ lẹ́tà méjì mọ́ra, bí ojú ìwé tí ẹ̀kọ ta sí. Adàwékọ á débẹ̀, á dúró gbagidi. Òṣìṣẹ́ kan ló mọ bí wọ́n ṣe ń kọjá níbẹ̀ láìṣi lẹ́tà kọ, jíìnì tí wọ́n ń pè ní POLH ló sì ń pèsè rẹ̀. Carlos Menck àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì São Paulo rí i pé jíìnì yìí ló bàjẹ́ ní Araras, oríṣi ìbàjẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìdílé péréte ló tẹ abúlé náà dó, àwọn ọmọ wọn sì ń fẹ́ra.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀rọ̀ AS àti AS, ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀dà kan ṣoṣo ló bàjẹ́ nínú ẹ̀dà méjì jíìnì náà tó ní, ara rẹ̀ á le koko. Tí irú rẹ̀ méjì bá fẹ́ra, gbogbo oyún ló ní ewu 1 nínú 4. Kí alárinà bèèrè dọ̀la, “kò sí nǹkan kan” ni wọ́n á wí fún un, irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. Ọ̀rọ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ tí ojú ọmọ bá yọ àmì. Ẹ mọ ẹni tí wọ́n máa ń nà ní pàṣán ọ̀rọ̀ nílẹ̀ wa níbí: ìyá ọmọ.

Àwọn kan á ní, kò kúkú tíì sí oògùn tó ń wò ó, kí ni mímọ jíìnì wá fẹ́ ṣe? Ọmọ tí àyẹ̀wò bá tètè mú, fìlà onígbòòrò àti aṣọ alápá gígùn ni wọ́n á rà fún un kí àmì kankan tó yọ, ìrọ̀lẹ́ ni yóò sì máa jáde ṣeré. Ìyá rẹ̀ náà á ti rí ẹnu sọ fún ìyá ọkọ pé, “Màámi, ẹ̀dà méjì ni. Ọ̀kan tilé yín wá.”