Ooru Ààrò Gàrí Tó Ń Ṣòfò ní Ìlobùú àti Ifọ́n-Ọ̀ṣun

Ẹni tó bá dé ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí ní Ìlobùú tàbí Ifọ́n-Ọ̀ṣun lálẹ́ ọjọ́ tí iná ìjọba lọ yóò rí ìyà méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ooru igi ń jó obìnrin lójú nídìí agbada, òkùnkùn sì bò ó. Tọ́ọ̀ṣì ló fi ń wo gàrí. Bẹ́ẹ̀, inú ooru tó ń sá fún yẹn ni iná tó ń wá wà.

Láti ọdún 1821 ni Thomas Seebeck ní ilẹ̀ Jámánì ti rí i pé bí wọ́n bá so irin oríṣi méjì pọ̀, tí ojú ìsopọ̀ kan gbóná tí èkejì tutù, abẹ́rẹ́ atọ́nà tó wà nítòsí yóò yí. (Agbára òòfà ló pè é, àwọn mìíràn ló padà mọ̀ ọ́n sí iná mànàmáná.) Láàárín ọ̀rúndún tó kọjá, àwọn ará abúlé ní Sófíẹ́tì ń fi ooru àtùpà kẹrosíìnì gbọ́ rédíò.

Bismuth àti tellurium ni wọ́n sábà máa ń lò fún iṣẹ́ yìí. Tellurium ṣọ̀wọ́n, àdàlù wọn sì le, kò ṣe é tẹ̀. Ibẹ̀ ni pọ́límà, ìyẹn ìdílé ike, ti wọlé. Ní 1977 ni Shirakawa, MacDiarmid àti Heeger fi hàn pé ike lè gbé iná dáadáa. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2000. Irú ike bẹ́ẹ̀ ṣe é ká bí ẹní, ó ṣe é tẹ̀ bí yíǹkì, kì í sì í jẹ́ kí ooru tètè gba inú rẹ̀ kọjá, kí apá kan lè máa gbóná kí èkejì sì tutù. Kò lè fara kan iná o. Ẹ̀yìn ògiri ààrò ni àyè rẹ̀. Agbára rẹ̀ kò sì tíì tó ti bismuth.

Ibí yìí ni àwọn ẹlẹ́gàn ti ń dìde: kí ni ìwọ̀nba iná yẹn fẹ́ ṣe? Ó fẹ́ tan gílóòbù kan. Ó fẹ́ ṣájì fóònù. Ó fẹ́ yí fáànù kékeré tí yóò máa fẹ́ atẹ́gùn sí igi kí èéfín dín kù, gẹ́gẹ́ bí ààrò BioLite tí wọ́n tà ní Kẹ́ńyà ti ń ṣe. Ta ló ní kí ó yí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ irin Òṣogbo? Àwọn ẹlẹ́gàn yìí kan náà ló ń rọ bẹntiróòlù sínú jẹnẹrétọ̀ “I better pass my neighbour”, tí nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún agbára epo náà ń bá ooru lọ. Ẹnikẹ́ni kò fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́.

Fásitì wà ní Òṣogbo, òmíràn wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú méjèèjì sì wà láàárín wọn. Kí ló dé tí akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísìrì kò lè gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n ooru wá sídìí ààrò? Òfin iná mànàmáná ọdún 2023 ti gba ọ̀rọ̀ “Àbújá ni kò gbà” lẹ́nu ìjọba ìpínlẹ̀.

Ìrẹ́pọ̀dùn ni orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìlobùú jẹ́ olú fún. Ẹni tó bá rántí kónílé-ó-gbélé tí ìjà ilẹ̀ fà lọ́dún 2025 yóò mi orí sí orúkọ náà. Ẹnìkan kò jà sí ooru rí. Kí Ìrẹ́pọ̀dùn àti Òrólú jọ gbé owó ààrò mẹ́rin kalẹ̀, méjì ní ìlú kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wọn iná tó ń ti ara wọn jáde látìgbà òjò dé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n sì sọ iye rẹ̀ sí etí àwọn tó ń yan gàrí.