Ẹ Yé Fọwọ́ Ara Yín Pa Ajá Yín

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń sin ajá, ẹ̀yin ni mo ń bá wí, mi ò sì ní pa á lówe. Bí ajá bá kú lójijì nínú ilé yín, ẹ ó ní aráyé ló ṣe é. Bí kì í bá ṣe aládùúgbò, ẹ ó ní ikú tó ń bọ̀ wá bá baálé ilé ni ajá gbà sọ́rùn, ẹ ó sì máa dúpẹ́. Ọpẹ́ kí ni? Kò kú dípò ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin lẹ pa á.

Eégbọn ló sábà máa ń fà á. Ó kún etí ajá, ó kún àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Dípò kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, ẹ rán ọmọdé lọ ra ọ̀tápiapia. Ọmọ náà da ìdérí kan sínú korobá omi, ó tún da ìkejì torí pé eégbọn pọ̀, ó wá ń fi kànrìnkàn ra ajá láti ọrùn dé ìrù, ọwọ́ lásán ló fi ń ṣe é. Eégbọn ń já bọ́, inú yín ń dùn. Kò pẹ́, itọ́ ń dà wàràwàrà lẹ́nu ajá, ó ń bì, ó ń yàgbẹ́ sára, gbogbo iṣan rẹ̀ ń gbọ̀n, ọmọlójú rẹ̀ sún kì dà bí orí abẹ́rẹ́.

Dichlorvos ló wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀tápiapia tí wọ́n ń tà. Ohun tó ń ṣe fún kòkòrò ló ń ṣe fún ajá, òun náà ló sì ń ṣe fún ènìyàn: kì í jẹ́ kí iṣan sinmi mọ́ títí mímí á fi dá. Ó ń gba awọ ara wọlé, ó ń gba imú wọlé, ajá yóò sì tún fi ahọ́n lá ara rẹ̀. Láti 2019 ni NAFDAC ti fòfin de títa ìgò rẹ̀ kékeré, ti 100 ml wá sílẹ̀, lọ́jà. Ẹ ò gbọ́ ni, àbí ẹ ò ka òfin sí?

Èyí tó tún ń bí mi nínú jù ni epo pupa. Ajá ń gbọ̀n, ẹ ya ẹnu rẹ̀, ẹ ń da epo sí i! Epo kì í pa oró yìí. Ajá tó ń gbọ̀n ò lè gbé nǹkan mì dáadáa, inú ẹ̀dọ̀fóró lepo ń lọ. Ẹ fi ọ̀rá bo ọwọ́, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ oògùn náà kúrò lára rẹ̀, kí ẹ gbé òun àti ìgò náà lọ bá dókítà ẹran kíá. Abẹ́rẹ́ atropine wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè jí òkú.

Oògùn eku ńkọ́? Ẹ pò ó mọ́ edé, ẹ gbé e sábẹ́ àga, bí ẹni pé imú eku ló mú ju ti ajá lọ. Irú kan wà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún kí ẹ tó rí àmì kankan.

Ẹ tún ń da ọbẹ̀ àná fún un. Àlùbọ́sà inú rẹ̀ ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, sísè ò sì pa oró rẹ̀. Fún ajá oníkílò 10, nǹkan bíi 150 gíráàmù ti tó ṣe é léṣe, ìyẹn àlùbọ́sà ńlá kan. Díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ náà sì léwu. Kì í ṣe ọjọ́ náà ni yóò hàn. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ ṣí ètè rẹ̀ wò: èrìgì tó pupa á ti funfun, ìtọ̀ rẹ̀ á ti dúdú. Ṣokoléètì àti ṣingọ́ọ̀mù tí kò ní ṣúgà, ẹ má tilẹ̀ jẹ́ kó débẹ̀.

Ẹ ní oògùn dókítà wọ́n, ẹ̀yin tí ẹ fi owó ńlá ra ọmọ ajá Jámánì! Oògùn eégbọn tí wọ́n ń kán sí ẹ̀yìn ọrùn wà, èyí tí ajá ń jẹ lẹ́nu wà. Ìwọ̀n ajá ni dókítà fi ń yàn án. Ẹni tí agbára rẹ̀ ò ká ìyẹn, kó wọ ìbọ̀wọ́, kó máa já eégbọn níkọ̀ọ̀kan láràárọ̀, kó gbá ilé ajá, kó sì pààrọ̀ àkísà tó ń sùn lé.