Ẹ Yọ “Shall” Kúrò Nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà

Ẹni tó bá ṣí ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 yóò pàdé “shall” ní abala kìn-ín-ní gan-an, kò sì ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí dé òpin. Ọ̀rọ̀ náà ń dún bí àṣẹ, ó sì ń fún òfin ní ọ̀wọ̀. Àmọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan, ibẹ̀ sì ni àwọn alágbára ti máa ń rí ihò sá gbà.

Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, “must” ni dandan: ohun tí èèyàn gbọ́dọ̀ ṣe ni. “May” ń fún èèyàn láyè: ẹni tó bá wù lè ṣe é, ẹni tí kò bá wù lè fi í sílẹ̀. “Will” ń sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. “Shall” ló ń bá gbogbo wọn ṣiṣẹ́ wọn. Àwọn tó ni èdè náà pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ lò ó mọ́ lẹ́nu. Inú ìwé òfin àti ìwé àdéhùn ló ti ń rí ibi jókòó sí.

Abala 58 nínú ìwé òfin Nàìjíríà jẹ́rìí sí i. Ẹsẹ kẹrin ní kí ààrẹ sọ láàárín ọjọ́ 30 bóyá òun fọwọ́ sí àbádòfin tàbí òun kò fọwọ́ sí i. “Shall” ni wọ́n lò, dandan ni wọ́n sì ní lọ́kàn. Ẹsẹ karùn-ún ní bí ààrẹ bá kọ̀, tí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin kọ̀ọ̀kan sì tún gbà á wọlé, àbádòfin náà yóò di òfin. “Shall” náà ni, ṣùgbọ́n kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ló ń sọ. Abala 14 wá ní ààbò àti ìgbáyégbádùn ará ìlú ni yóò jẹ́ olórí iṣẹ́ ìjọba. “Shall” kan náà ni. Síbẹ̀, abala 6 ti ilẹ̀kùn ilé ẹjọ́ mọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi Orí Kejì, níbi tí abala 14 wà, pe ìjọba lẹ́jọ́, àfi níbi tí ìwé òfin náà bá ti yọ̀ǹda. Ìlérí tí kò ní onígbọ̀wọ́ ni.

Abala 60 nínú òfin ìdìbò ọdún 2022, èyí tó wà nílẹ̀ nígbà ìdìbò ọdún 2023, tún ní kí alámòójútó ibùdó ìdìbò fi èsì ránṣẹ́ lọ́nà tí INEC, àjọ elétò ìdìbò, bá là sílẹ̀. “Shall” wà níbẹ̀, ọ̀nà náà ni òfin kò dárúkọ. Lẹ́yìn ìdìbò ààrẹ ọdún 2023, ọ̀rọ̀ náà di ti ilé ẹjọ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní àìsí èsì lórí IReV, ojú òpó tí INEC ti ń fi èsì ìdìbò han aráyé, kò tó ohun tí wọ́n lè torí rẹ̀ fagi lé ìdìbò. Ọ̀pọ̀ olùdìbò ti rò pé dandan ni kí èsì wà níbẹ̀.

Ní South Africa, “shall” kún inú ìwé òfin onígbà díẹ̀ ti ọdún 1993. “Must” ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ nínú ti ọdún 1996. Amẹ́ríkà náà yọ ọ́ lọ́dún 2007 kúrò nínú ìlànà tí ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ fi ń gbọ́ ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn. Lọ́dún 2010, wọ́n dá a padà sí ìlànà 56, torí pé “must” àti “should” kò bá ibẹ̀ mu. Àwọn tó fẹ́ràn “shall” lè fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí àwọn adájọ́ ń jiyàn lé lórí ìtumọ̀ rẹ̀, báwo ni ará ìlú yóò ṣe mọ̀ ọ́n?

Àwọn kan yóò ní olóṣèlú tó rú “shall” yóò rú “must” náà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n yóò rú u ní gbangba, láìsí àwáwí. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ á di odidi. Àmọ́ a kò ṣòfin nítorí ọmọlúàbí nìkan.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn aṣòfin bá tún jókòó ṣe àtúnṣe, kí wọ́n kọ “must” síbi tó bá jẹ́ dandan, “may” síbi tí wọ́n bá ti fàyè gba èèyàn. Níbi tí wọn kò bá sì fẹ́ kí ará ìlú rí ìjọba pè lẹ́jọ́, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gan-an, kí olúkúlùkù lè kà á.