Ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́: Ọmọṣẹ́ ńkọ́?

Ẹni tó bá gba òpópónà Èkó sí Ẹ̀pẹ́ láti Lẹ́kí dé Ajah, títí wọ Ṣàngótẹ̀dó, yóò rí i pé ojoojúmọ́ ni ilé tuntun ń dìde. Bíríkìlà, jóórinjóórin, gbẹ́nàgbẹ́nà àtàwọn tó ń lẹ táìlì ló ń kọ́ wọn. Ní 2023 ni èbúté ọkọ̀ òkun Lẹ́kí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọdún náà ni wọ́n sì ṣí iléeṣẹ́ ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí. Iṣẹ́ wà fún ẹni tó mọṣẹ́. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni bí ọmọ tálákà yóò ṣe rí owó kọ́ṣẹ́, tí yóò sì rí irinṣẹ́ rà.

Lọ́jọ́ 3, oṣù Kẹrin, ọdún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu òfin tó gbé àjọ NELFUND kalẹ̀ láti máa yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó láìgba èlé. Òfin ti 2023 ní ẹni tí owó tó ń wọlé fún ẹbí rẹ̀ lọ́dún kò bá tó 500,000 náírà nìkan ló lè yá a, ó sì gbọ́dọ̀ ní onídùúró. Òfin tuntun yọ méjèèjì kúrò, ó sì fi ẹ̀kọ́ṣẹ́ ọwọ́ kún un.

Àmọ́ níbi tí bàtà ti ń ta lẹ́sẹ̀ nìyí. Iléèwé ni àjọ náà ń san owó ẹ̀kọ́ fún tààrà. 20,000 náírà lóṣù ni akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà fún ìnáwó ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ ni kò sí níléèwé kankan. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni òbí mú wọn lọ, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn, wọ́n sì ń sìn ín títí wọn yóò fi gba òmìnira.

Ọ̀rọ̀ sísan gbèsè náà tún wà níbẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá parí àgùnbánirọ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í san ìdámẹ́wàá owó oṣù rẹ̀. Jóórinjóórin kì í lọ sin ìlú, kò sì sẹ́ni tó ń san owó oṣù fún un. Bó bá ríṣẹ́ lónìí, ó lè máà rí lọ́la.

Lóòótọ́, ní 2025, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò ẹ̀kọ́ṣẹ́ ọwọ́ ọ̀fẹ́ kan jáde, wọ́n sì ṣèlérí 22,500 náírà lóṣù fún akẹ́kọ̀ọ́. Ìyẹn yóò ran ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọmọṣẹ́ tó gba òmìnira láìní ẹ̀rọ ìjóórin kò yàtọ̀ sí àgbẹ̀ tó mọ oko ro tí kò ní ọkọ́. Òwò ọ̀gá ni yóò padà sí.

Ìpínlẹ̀ Èkó ti dá àjọ LSETF sílẹ̀ láti 2016, tó ń yá àwọn oníṣòwò kéékèèké lówó. Bí irú àjọ bẹ́ẹ̀ àti NELFUND bá pawọ́ pọ̀, wọ́n lè fi irinṣẹ́ gan-an yá ọmọṣẹ́ lọ́jọ́ òmìnira, kí ọ̀gá àti ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe onídùúró, kó sì máa san án díẹ̀díẹ̀ bí iṣẹ́ bá ṣe ń wọlé.

Kí ìjọba má gbàgbé àná. Ní 1972 ni ìjọba ológun Gowon ṣòfin àjọ ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ tó yá a kò san án padà, ilé ìfowópamọ́ ètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ní 1993 kò sì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Ẹni tó bá ní irinṣẹ́ lọ́wọ́ ló lè rí gbèsè san.