Ọ̀rọ̀ Ìlú Nínú Àpòòwé WhatsApp



Lóṣù tó kọjá, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kan tí ìgbìmọ̀ wa sọ lórí WhatsApp lóru ti dé etí ẹni tí à ń bá ṣẹjọ́ kílẹ̀ tó mọ́. Àwọn kan ní ìjọba ló ń gbọ́ wa. Àwọn ọmọ wa ní rárá, pé WhatsApp ti ti ọ̀rọ̀ pa.

Òótọ́ lọmọ sọ. Láti 2016, ohun tí a bá kọ níbẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ àti àwọn tí a kọ ọ́ sí nìkan ló ń rí i kà. Àmọ́ èmi tí mo ti ṣiṣẹ́ ìjọba pẹ́ mọ̀ pé àpòòwé tí a lẹ̀ pa ṣì ń sọ̀rọ̀. Orúkọ ẹni tó kọ̀wé àti ẹni tí yóò gbà á wà lẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Meta, tó ni WhatsApp, ṣe lè mọ ẹni tó ń bá ta ni sọ̀rọ̀, àti ìgbà wo. Ẹ̀dà tí telefóònù ń fi pamọ́ sọ́dọ̀ Google sì wà níta àgádágodo yẹn, àfi bí ẹ bá fọwọ́ ara yín tì í.

Telegram ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ níbẹ̀ kò ní irú àgádágodo yìí rárá. Ọwọ́ ilé iṣẹ́ náà ni kọ́kọ́rọ́ wà. Signal ló sàn jù, àjọ tí kì í wá èrè ló ni ín, kì í sì í fi nǹkan púpọ̀ pamọ́ nípa wa. Àléébù rẹ̀ ni pé àwọn ènìyàn wa tó ní in kò tó nǹkan.

Ohun tí a rò nìyí: kí ìsìnkú, ayẹyẹ àti ọjọ́ ìpàdé dúró sórí WhatsApp. Kí ìgbìmọ̀ gbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀, oyè àti owó lọ sórí Signal. Ṣùgbọ́n kí a má jáwọ́ nínú rírán ènìyàn níṣẹ́ o. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin 2019, ọjọ́ ìbò, nígbà tí wọ́n gé íntánẹ́ẹ̀tì ní Bẹ̀nẹ̀, kò sí èyí tó wúlò nínú gbogbo wọn.

Ní ti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa tó jáde, kò dà bíi pé ẹnikẹ́ni já àgádágodo. Ẹni tó wà láàárín wa ló fi han ẹlòmíràn. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ̀ ọ́.