Ọjọ́ Márùn-ún Kò Pọ̀ Jù fún Ọmọ Wa

Lóṣù kẹfà ọdún 2025, South Africa na Australia ní pápá Lord's nílùú London, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé kíríkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ márùn-ún. Temba Bavuma, ọmọ adúláwọ̀ bíi tiwa, ni balógun ikọ̀ wọn. Ayò 282 ni wọ́n ní láti gbà kí wọ́n tó lè borí. Iṣan itan ń dun Bavuma, ó ń tiro sáré, síbẹ̀ kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Aiden Markram títí òun fi gba 66. Markram ní tiẹ̀ gba 136.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò gbọ́ sí i. Bí ẹnì kan bá dárúkọ kíríkẹ́ẹ̀tì láàárín wa, ẹ̀rín la máa ń fi í rín. A ní eré àwọn òyìnbó tí kò níṣẹ́ ṣe ni, tí wọ́n á gbá fún ọjọ́ márùn-ún, tí wọ́n á máa dúró jẹun ọ̀sán, tí wọ́n á mu tíì, tí wọ́n á tún wá sọ pé ọ̀mì ni. (Ká sòótọ́, ti tíì yẹn ń pa àwa náà lẹ́rìn-ín.)

Àmọ́ eré yìí kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Ní 1904 ni Èkó ti bá Gold Coast, tó di Ghana lónìí, figagbága nídìí rẹ̀. Ní 2002, Nàìjíríà di ọmọ ẹgbẹ́ ICC, àjọ tó ń darí eré náà lágbàáyé. Ẹ wá wo Afghanistan. Ọdún 2001 ni wọ́n wọlé, ọdún kan péré ṣáájú wa. Àwọn èèyàn wọn tí ogun lé kúrò nílé ló kọ́ eré náà ní àgọ́ àtìpó ní Pakistan, tí wọ́n gbé e padà sílé. Nígbà tó di 2017, wọ́n gba àṣẹ láti máa gbá ọlọ́jọ́ márùn-ún. Orílẹ̀-èdè 12 ló ní àṣẹ yẹn, 9 péré ló ń du ife náà, South Africa nìkan sì ni ti Áfíríkà níbẹ̀. Lójú tiwa, àjọ náà há ilẹ̀kùn jù. Ṣùgbọ́n àwa gan-an ò tíì dé ẹnu ọ̀nà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ọmọ wa ò lè ṣe é. Lóṣù kìíní 2025, ní Kuching lórílẹ̀-èdè Malaysia, ikọ̀ ọ̀dọ́mọbìnrin Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn kò tíì tó 19 na New Zealand, 65 sí 63. New Zealand kan náà tí ọkùnrin wọn gba ife ọlọ́jọ́ márùn-ún àkọ́kọ́ ní 2021! Lóòótọ́, eré kúkúrú ni, òjò tún gé e kúrú sí i. Sùúrù ọlọ́jọ́ gbọọrọ ló kù, orí pápá ilé ìwé sì ni ọmọ ti ń kọ́ ọ, pápá tí a ń wò níran tó ń di ṣọ́ọ̀bù.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Yorùbá gbogbo ní Lọ́kọ́ja kò pọ̀. Nígbà tí iléèwé bá gba ìsinmi, ẹ jẹ́ ká ra igi kíríkẹ́ẹ̀tì díẹ̀ àti bọ́ọ̀lù rẹ̀, ká wá olùkọ́ kan tó mọ̀ ọ́n gbá, ká sì bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ Kogi pé kí wọ́n dáàbò bo pápá tó ṣẹ́ kù. Owó aṣọ ẹbí tí a ń dá fún òde kan ṣoṣo tó o ṣe.