Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́
Ìpè sí àwọn mẹkáníìkì, onímọ́tò àti ọlọ́kadà

Bí tírẹ́ẹ̀dì ihò púlọ́ọ̀gì bá ti jẹ, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ fún oníbàárà ni pé: "Ọ̀gá, tọ́ọ̀pù sílíńdà yín ti lọ. Ẹ lọ wá tòkúńbọ̀ ní ọjà Ládípọ̀." Ẹni tí kò lówó, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù irin lẹ púlọ́ọ̀gì mọ́ ihò fún un, títí iná inú ẹ́ńjìnì á fi ta á jáde lójú títì. Ohun tí à ń sọ ni pé ihò tó jẹ ṣeé tún ṣe, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ di òfin ìsọ̀.

Irin ni ara púlọ́ọ̀gì; alumíníọ̀mù tó rọ̀ ni tọ́ọ̀pù. Bí a bá tú púlọ́ọ̀gì nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì gbóná, tí a kò fi ọwọ́ lásán bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tàbí tí ọmọṣẹ́ fún un bíi nọ́ọ̀tì táyà, alumíníọ̀mù ló máa jìyà. Púlọ́ọ̀gì mílímítà 14 oníwáṣà kò fẹ́ ju Newton-mítà 25 sí 30 lọ. Ti mílímítà 10 kò ju 10 sí 12.

Báyìí ni a ṣe ń tún ihò tó jẹ ṣe. Ẹ́ńjìnì á tutù. A ó fi gíríìsì kún ojú táàpù kó lè gbá èérún mú, a ó mú un dúró ṣánṣán, a ó máa yí i síwájú, sẹ́yìn díẹ̀, títí yóò fi gé tírẹ́ẹ̀dì tó fẹ̀ ju ti àtijọ́. A ó fa èérún tó kù jáde, a ó wá fi búúṣì irin sínú ihò náà. Púlọ́ọ̀gì àtijọ́ ló máa wọ inú búúṣì yìí. Àmọ́ tọ́ọ̀pù tó bá ti là, kí a pààrọ̀ rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnì Ford Triton kan wà tó lókìkí fún títa púlọ́ọ̀gì jáde, nítorí pé tírẹ́ẹ̀dì bíi mẹ́rin péré ló dì í mú. Búúṣì ni wọ́n fi tún ọ̀pọ̀ wọn ṣe, láì tú tọ́ọ̀pù.

Ẹ lè sọ pé irinṣẹ́ iṣẹ́ yìí wọ́n. Ta ló ní kí ẹnìkan dá a rà? Kí ẹ̀ka NATA, ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì, kọ̀ọ̀kan fi owó ìpàdé ra ẹyọ kan, pẹ̀lú sípánà tó ń ka agbára, kí ọmọ ẹgbẹ́ máa yá a. Ẹ lè sọ pé èrè orí tòkúńbọ̀ ju owó iṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ta ló yẹ ihò tòkúńbọ̀ náà wò? Bí òun náà bá jẹ, ìsọ̀ yín ni oníbàárà ń bọ̀ pẹ̀lú ìjà.

Onímọ́tò, kí o tó yọ owó, béèrè pé: "Ṣé kò gba búúṣì ni?" Ẹ̀yin ọ̀gá, ọmọṣẹ́ tí kò bá lè tún ihò púlọ́ọ̀gì ṣe lójú yín, ẹ má tíì fún un ní fíríìdọ̀mù.